Ìgbà wo ló yẹ kí àgbà fi ìwakọ̀ sílẹ̀?

Ní Avrankou wa níbí, ta ni kò mọ zémíjàn? Àwọn Gùn àti Fọ̀n ló ni orúkọ náà, ó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá". Kí alùpùpù tó gbòde, kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi ń gbé èrò ní Àjàṣẹ́, taxi-kannan ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́, bí agbára rẹ̀ bá ti dín kù, ara rẹ̀ á sọ fún un. Alùpùpù ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń ṣiṣẹ́, àgbà lè máa gùn ún lọ láìmọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wa zémíjàn láti Avrankou sí ọjà Ouando fún ohun tó ju 20 ọdún lọ. Owó rẹ̀ ni mo fi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tanná sí wa lójú, bàbá yà bàrá, díẹ̀ ló kù kó kọlu tábìlì ìyá kan tó ń ta kpayo. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé epo bẹntiróò ló wà nínú ìgò wọ̀nyẹn! Bàbá ní ọ̀nà ló burú. Ọ̀nà ò burú. Ṣùgbọ́n mi ò sọ̀rọ̀. Ta ni èmi, tí mo máa sọ fún àgbà pé ojú rẹ̀ ò dáa mọ́?

Kí ló ṣe ojú bàbá? Bí èèyàn ṣe ń dàgbà, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ ojú ń kéré sí i, inú ẹyinjú náà ò sì mọ́ gaara mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé inú ojú ẹni 60 ọdún kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ẹni 20 ọdún lọ. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi lè ríran lọ́sàn-án kó má rí kòtò nírọ̀lẹ́.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà ń lọ́ra. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Alùpùpù tó ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ mítà 11 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ẹ wọn mítà 11 sílẹ̀ níta kíláàsì, kí ẹ wò ó. Bí ọwọ́ bá fi sẹ́kọ́ńdì kan péré pẹ́ kó tó tẹ bíréékì, ibẹ̀ ni alùpùpù máa dé. Bí ọmọ kan bá ń sọdá níbẹ̀ ńkọ́?

Ṣé ọdún la máa kà? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí èèyàn bá pé 70 ọdún, ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ parí, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló ń tún un gbà. Síbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2019, Prince Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth, ẹni 97 ọdún, fi ọkọ̀ kọlu ọkọ̀ mìíràn nítòsí Sandringham, obìnrin méjì sì fara pa. Ó ní oòrùn ló wọ òun lójú. Ní oṣù kejì, ó dá ìwé rẹ̀ padà. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ àgbà ò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Àmì ni ká wò.

Ṣé ó ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Ṣé ọrùn rẹ̀ ń yí dáadáa? Ṣé ó ti ṣìnà rí lójú ọ̀nà tó ń gbà lójoojúmọ́? Ẹ wo ara alùpùpù: bí àpá tuntun bá ń pọ̀ sí i, ẹ béèrè. Bí àwọn oníbàárà àtijọ́ bá ń wá ẹlòmíràn pè, wọ́n ti rí nǹkan.

Ẹ má sọ ọ́ lójú títì, ẹ má sọ ọ́ níṣojú ọmọdé. Ìyá mi ló bá wa sọ ọ́, nínú ilé, lẹ́yìn oúnjẹ. Kò sọ pé "ẹ fi sílẹ̀". Ó ní "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ wo ojú yín ní Àjàṣẹ́". Bí nǹkan funfun bá bo ẹyinjú, dókítà lè ṣe iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń padà ríran. Tiwọn kọ́ nìyẹn. Àrùn tó ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá ni, ó sábà máa ń ṣe é láìdunni. Oògùn lè dá èyí tó kù dúró, èyí tó lọ ti lọ.

Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Owó ló ń rò, ẹ jọ̀ọ́! A wá fún àbúrò mi ní alùpùpù náà, ó sì ń mú owó wá fún wọn ní alaalẹ́. Bó bá ti ń wọlé, bàbá á fetí sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ní: "Ṣéènì yẹn ń fẹ́ òróró."