Sọ́kẹ́ẹ̀tì Gbà Á, Iná Kò Gbà Á

Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé láti Amẹ́ríkà, ó sì gbé ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń se ìrẹsì wá fún màmá wa. Eyín pẹlẹbẹ méjì tó wà lẹ́nu plọ́ọ̀gì rẹ̀ kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, ni a bá lọ ra àdápútà lọ́jà. Ó wọlé wẹ́kú. Kí omi tó hó, òórùn rọ́bà tó ń jóná ti gba gbogbo ilé ìdáná, ìkòkò sì ti kú. Màmá kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wò ó. Ohun tí ọmọ wọn fi owó òógùn rà, tó sì rù kọjá òkun, kò lo ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ wọn. Ó dùn mí títí di òní, torí pé ìmọ̀ díẹ̀ péré ni ì bá gbà á là.

Ọ̀rọ̀ méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan

Bí ẹnu plọ́ọ̀gì ṣe rí, ọ̀tọ̀ ni. Agbára iná tó ń bọ̀ láti inú ògiri, ọ̀tọ̀ ni. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni àdápútà ń yanjú. Ní Nàìjíríà, iná wa jẹ́ fólìtì 230 sí 240. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Bí fólìtì bá sì di ìlọ́po méjì lára ohun tó ń fi wáyà gbóná ṣiṣẹ́, bí áyọ́ọ̀nù, ìkòkò ìrẹsì tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, ooru rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ohun tó pa ìkòkò màmá nìyẹn. Bí ẹ bá gbé kẹ́túlù Èkó lọ sí Houston ńkọ́? Kò ní jó, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ni yóò lò, ẹ ó sì jókòó ti omi tíì pẹ́.

Iná yìí tún máa ń lọ síwá sẹ́yìn nínú wáyà: ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́dọ̀ wa, ìgbà 60 ní Amẹ́ríkà. Aago ògiri Amẹ́ríkà tó ń fi iná ka àkókò yóò máa fi ìṣẹ́jú 10 rẹ̀yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan níbí, bí a tilẹ̀ bá a dín fólìtì kù.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló yàn

Nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀, kò sí orílẹ̀-èdè tó bá òmíràn jókòó. Ní 1882, Thomas Edison tan iná ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Pearl Street, New York, ní nǹkan bíi fólìtì 110, torí ìyẹn ló bá gílóòbù ìgbà náà mu. Ilé pọ̀ sí i, ẹ̀rọ pọ̀ sí i, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn. Ní 1899, ilé iṣẹ́ iná Berlin gbé tirẹ̀ lọ sí 220, kí wáyà bàbà kan náà lè gbé iná dé ilé púpọ̀ sí i. Yúróòpù tẹ̀ lé Jámánì. Amẹ́ríkà kò yà kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀.

Ti Japan ló yà mí lẹ́nu jù. Tokyo ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ AEG ti Jámánì, onígbà 50. Osaka ra tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, onígbà 60. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, orílẹ̀-èdè náà sì pín sí méjì títí di òní. Nígbà tí ilẹ̀ mì tí omi òkun sì ya wọ ìlú ní March 2011, iná wọ́n ní ìhà ìlà-oòrùn. Ìwọ̀-oòrùn ní tirẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ibùdó tó ń yí 60 sí 50 lè gbà kọjá. Ọmọ ìyá kan náà, iná kò ṣeé fún ara wọn!

Bàbà tó wọ́n, àti ìdérí bírò

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni plọ́ọ̀gì eléyín mẹ́ta wa ti wá. Ọdún 1947 ni wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ jáde. Bàbà wọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí náà wọ́n ta wáyà yí ilé po bí òrùka, kí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì lè jọ lò ó. Fúùsì ńlá tó ń ṣọ́ òrùka náà kò lè dáàbò bo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára rédíò. Ìdí nìyẹn tí fúùsì kékeré fi wà nínú plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo eyín òkè, òun ló gùn jù. Òun ló ń kọ́kọ́ wọlé, tó ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó bo ihò méjì ìsàlẹ̀. Nítorí àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe fi ìlẹ̀kùn náà síbẹ̀. Àwa wá ń fi ìdérí bírò tàbí kọ́kọ́rọ́ ti ihò òkè kí eléyín méjì lè wọlé. Mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti rí i ní ilé ẹ̀kọ́, níwájú àwọn ọmọ gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ọmọ tó bá rí i lónìí, ìṣó ni yóò mú dánwò lọ́la, ìṣó kò sì dà bí ìdérí bírò: iná ń gba ara rẹ̀ kọjá.

Bí ẹ bá kọjá Sẹ̀mẹ̀

Ní Àjàṣẹ́ àti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, èdè wa ni ẹ ó gbọ́, ṣùgbọ́n sọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Faransé ni ẹ ó bá lára ògiri: ihò róbótó méjì, òmíràn pẹ̀lú irin kan tó yọrí jáde. Níbẹ̀, àdápútà tó. Fólìtì 220 ni tiwọn, kò jìnnà sí tiwa.

Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INPUT sí lára ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ 100–240V, 50/60Hz, bíi ti ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká, àdápútà lásán ti tó. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ má kì í bọ iná láìsí tánsífọ́mà tó ń dín fólìtì kù. Wáàtì tánsífọ́mà náà gbọ́dọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ: ìkòkò wáàtì 700, ẹ wá ti 1,000 fún un. Bí ẹnìkan yín bá sì ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ pè é kó tó sanwó, kó ka ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà sí yín létí.