Ṣíṣètò Ìkànnì Ayélujára ní Èdè Yorùbá-Nàgó: Àpẹẹrẹ fún Tchaada

Iṣẹ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kì í parí ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìwé-ẹ̀rí. Ẹni tí ó ti mọ ìwé kà ní èdè abínibí rẹ̀, tí kò sì rí nǹkan kan kà lẹ́yìn ẹ̀kọ́, yóò gbàgbé díẹ̀díẹ̀ ohun tí ó fi òógùn ojú kọ́. Ìwé pélébé àti ìwé ìròyìn abúlé ni a ti ń lò láti dènà ìgbàgbé yìí. Lónìí, àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà ń mú ẹ̀rọ alágbèéká lọ sí oko àti sí ọjà. Ó yẹ kí ìwé kíkà tọ̀ wọ́n lọ sí ibẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí òṣìṣẹ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ṣe lè ṣètò ìkànnì ayélujára ní èdè Yorùbá-Nàgó, àti ibi tí ó ti lè rí ìmísí fún ọnà rẹ̀ nínú ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́. A mú Tchaada ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú ẹkùn mẹ́fà tí ó para pọ̀ di kọ́múùnù Ifangni, lẹ́bàá ààlà Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, ní ilẹ̀ tí ọ̀pẹ pọ̀ sí.

1. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkànnì láti orí àwọ̀ àti àwòrán. Ìbẹ̀rẹ̀ tòótọ́ kò sí níbẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dáhùn: Ta ni yóò kà á? Kí ni ẹni náà yóò fi ohun tí ó kà ṣe? Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kìíní? Bí a kò bá lè kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú ewé kan ṣoṣo, iṣẹ́ náà kò tíì pọ́n.

Àpẹẹrẹ àtijọ́ kan wà fún wa. Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ó ti mọ àwọn tí ó ń kọ ọ́ fún: àwọn tí ó ti kọ́ ìwé kíkà, tí ó fẹ́ kí kíkà di àṣà fún. Ìwé náà kò ní ẹwà púpọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó ní òǹkàwé tí a lè tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ìkànnì Tchaada ní òǹkàwé tirẹ̀: fún àpẹẹrẹ, obìnrin tí ó ń fọ epo pupa tà, tí ó ti parí ìpele kejì ẹ̀kọ́ àgbà, tí kò sì gbọ́ Faransé dáadáa.

2. Ìmísí wà nítòsí

Àwọn kan rò pé láti ìlú òkèèrè ni a ti gbọ́dọ̀ wá àpẹẹrẹ ọnà. Ẹ jẹ́ kí a wo ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún àtẹnudẹ́nu aráyé, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Apá méjì ni ère náà sábà máa ń ní. Ìsàlẹ̀ ni ojú ènìyàn wà, tí ó tutù, tí kì í yí padà púpọ̀. Òkè ni agbẹ́gilére ti ń gbé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú kalẹ̀: ẹranko, oníṣòwò, àní alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí wọ́n dé. Ohun tuntun kò ba ojú ìsàlẹ̀ jẹ́, ojú ìsàlẹ̀ kò sì lé ohun tuntun.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ó ń ṣètò ìkànnì. Kí apá kan wà tí kì í yí padà: orúkọ, àmì ìdánimọ̀, ọ̀nà àbáwọlé. Kí apá kejì sì máa gba ìròyìn tuntun. Òǹkàwé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà nílò ojú tí ó mọ̀, kí ẹ̀rù má baà bà á.

Ọjà pẹ̀lú ń kọ́ wa. Àwọn alátẹ ata ń jókòó pọ̀, àwọn aláṣọ ń jókòó pọ̀. Àlejò tí kò tíì dé ọjà náà rí kì í pẹ́ mọ ọ̀nà. Kí ohun tí ó jọra wà ní ojú kan lórí ìkànnì, kí àkọlé rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ará ilé ń lò. Agboolé náà ń kọ́ wa: a kì í gba inú yàrá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú-ewé àkọ́kọ́ ni ẹnu ọ̀nà. Láti ibẹ̀ ni kí a ti lè dé gbogbo yàrá, kí a sì lè padà síta láìṣìnà.

Ní ti àwọ̀, dúdú, funfun àti pupa ni orúkọ àwọ̀ tí ó fìdí múlẹ̀ jù lọ ní èdè wa, wọ́n sì tó. Lẹ́tà dúdú lórí funfun ni ó ṣeé kà jù nínú oòrùn ọjà. Kí a fi pupa sílẹ̀ fún ohun tí a fẹ́ kí ojú tètè rí. Kí òṣìṣẹ́ ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́, kí ó máa ya irú nǹkan báyìí sínú rẹ̀ bí ó ti ń rí i. Ìwé kékeré yẹn ni yóò di àpótí ìmísí rẹ̀.

3. Àkọtọ́ wo ni a ó lò?

Níbí ni iṣẹ́ ti le jù. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni a fi lélẹ̀ ní ọdún 1975, tí a sì tún yẹ̀ wò ní 1990 àti ní 2008. Nínú rẹ̀, ɛ àti ɔ ni a ń kọ níbi tí Nàìjíríà ń kọ ẹ àti ọ. Sh dúró fún ṣ, kp sì dúró fún p. Igi tí Nàìjíríà ń kọ ní «ọ̀pẹ», «ɔ̀kpɛ» ni akẹ́kọ̀ọ́ Tchaada kọ́. «Iṣẹ́» di «ishɛ́».

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́ ɔ, tí ó sì bá ọ pàdé lórí ìkànnì tí a sọ pé tirẹ̀ ni, lè rò pé òun kò mọ̀wé tó. Nítorí náà, kí a kọ ọ́ ní àkọtọ́ tí a fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ará ìkejì ààlà náà lè fẹ́ kà á. Ẹ̀rọ lè ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé ìyípadà láti àkọtọ́ kan sí èkejì ní ìlànà: ɛ sí ẹ, ɔ sí ọ, sh sí ṣ, kp sí p. Bí a bá ń yí i padà láti Nàìjíríà sí Bẹ̀nẹ̀ ni ìṣọ́ra di dandan, kí ẹ̀rọ má baà sọ Porto-Novo di «Kporto-Novo». Kí a ya orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú àti ọ̀rọ̀ àyálò sọ́tọ̀.

Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ọ̀pẹ tí a ń kọ àti ọpẹ́ tí a ń dá di ọ̀kan náà, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò sì yàtọ̀ síra mọ́. Ìlànà Unicode, tí ìpele rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, ní gbogbo lẹ́tà wa nínú. Síbẹ̀, kí a ṣọ́ ohun kan: a lè fi ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ to «ọ́» pọ̀. Ojú ènìyàn kò ní rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yóò rí i, ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ kan lórí ìkànnì kò sì ní rí i. Kí a yan ọ̀nà kan, kí a sì dúró lórí rẹ̀. Kí a kọ àmì «yo-BJ» sínú ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀ ni. Lẹ́tà Charis SIL àti Noto Sans ń gbé ɛ́ àti ɔ̀ jáde dáadáa.

4. Ẹrù tí ó fúyẹ́

Owó ni òǹkàwé fi ń ra ìsopọ̀ ayélujára. Ojú-ewé tí ó ní lẹ́tà 2,000, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kì í sábà ju báìtì 5,000 lọ. Àwòrán kan tí ẹ̀rọ alágbèéká yà, tí a kò dín kù, lè tó báìtì 3,000,000: iye tí ojú-ewé 600 ń gbà nìyẹn. Nítorí náà, kí a dín àwòrán kù kí a tó gbé e sókè, kí a má sì lo èyí tí kò kọ́ni ní nǹkan.

Bí àwòrán náà bá jẹ́ ti ènìyàn, kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí ó jẹ́ àkójọ òfin ìmọ̀-ẹ̀rọ ayélujára ní Bẹ̀nẹ̀, dáàbò bo ìsọfúnni tí ó jẹ mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà tí ó jókòó sí kíláàsì láti kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì lè má fẹ́ kí gbogbo ayé rí òun níbẹ̀.

5. Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Èkínní, kí a kó ohun kíkà jọ kí a tó ya ọnà kankan: ìtọ́sọ́nà nípa epo fífọ̀, àlọ́, ìlera ọmọdé, lẹ́tà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn kọ. Èkejì, kí a ya ojú-ewé márùn-ún péré sórí bébà. Ẹ̀kẹta, kí a gbé bébà náà fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí a ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọn yóò tẹ̀, kí a má sì bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi ṣe tán. Ibi tí ìka bá ti dúró, ibẹ̀ ni ètò wa ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹ̀kẹrin, kí a dán lẹ́tà wò lórí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí àwọn òǹkàwé ń lò. Ẹ̀karùn-ún, kí a yan ẹni méjì tí yóò máa tọ́jú ìkànnì náà, kí a sì ya owó sọ́tọ̀ fún orúkọ rẹ̀, nítorí ọdọọdún ni a ń san án.

Ìkànnì tí ó ní ojú-ewé márùn-ún, tí a ń tún ṣe lóṣooṣù, sàn ju èyí tí ó ní ọgọ́rùn-ún tí a pa tì. Àwọn olùwádìí pẹ̀lú yóò jèrè nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ síbẹ̀ ní ahọ́n ìlú wọn yóò di ohun tí a lè yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó kọ́kọ́ jèrè: kí ó ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó rí ɔ̀kpɛ, kí ó sì kà á láìkọsẹ̀.