Ìfaradà àti Ìmúrasílẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ ní Àkókò Òjò

Nígbà tí ìpọ́njú bá dé bá ọ̀dọ́ kan láàárín wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa àgbà máa ń sọ fún un: "Fara dà á." Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ìfaradà pín sí. Èkíní ni ti ẹni tí ó dúró sí ojú kan náà, tí ìyà kan náà sì ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún. Èkejì ni ti ẹni tí ìyà jẹ lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Ti èkejì yìí ni a fẹ́ sọ nínú ìwé yìí, ìkún omi ìlú Ìbàdàn ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún kọjá etí rẹ̀. Odò yìí ń ti ìhà Àgodi ṣàn wá, ó ń la àárín ìlú kọjá lọ sí ìhà Òkè-Àdó, kí omi rẹ̀ tó dé inú odò Ọ̀nà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí ó bá ń kọjá kò ní kà á sí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gba ẹ̀mí tí ó ju 100 lọ. Omíyalé ni àwọn ará Ìbàdàn pè é, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu wọn. Àwọn àgbà sì mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, nítorí pé odò kan náà ti kún ní 1960, ní 1963 àti ní 1978.

Lẹ́yìn ọdún 31, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá mìíràn tún rọ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, omi tí ó bọ́ sílẹ̀ ju íǹṣì 7 lọ. Afárá Àpẹ́tẹ̀ wó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní òdìkejì rẹ̀. Omi wọ inú Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ba oko ẹja wọn jẹ́. Ẹ̀mí tí ó sọnù ní ìlú tún ju 100 lọ. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti yá wa, kí a lè tún afárá ṣe kí a sì la ọ̀nà fún omi. A dúpẹ́ fún irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kò lè ṣe ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ ojú àti ọwọ́ àwa fúnra wa.

Kí ni ó ń fa ìkún omi yìí? Orí òkè ni a tẹ Ìbàdàn dó sí, omi gbogbo òkè wọ̀nyí sì ní láti sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì. Nígbà tí igbó ṣì wà, ilẹ̀ a máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Nísinsìnyí, òrùlé páànù àti ọ̀dà títì ti bo ilẹ̀, omi kò sì rí ibi wọlé mọ́. A tún kọ́ ilé sí etí odò, a da pàǹtírí sínú gọ́tà, ọ̀rá omi sì dí ẹnu ihò abẹ́ afárá. Bí a bá dí ọ̀nà omi, omi yóò wá ọ̀nà mìíràn, inú yàrá wa ni yóò sì gbà.

Ohun kan tún wà tí ó ju Ìbàdàn lọ. Èéfín ilé iṣẹ́ àti ti ọkọ̀ ní ilẹ̀ gbogbo ti mú kí ayé gbóná ju ti àtijọ́ lọ ní ìwọ̀n kan ó lé lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Fún ìwọ̀n kan bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ lè gba omi sí i ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Nítorí náà, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ó lè rọ̀ ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ. Ní ọdún 2022, ìkún omi pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ ní Nàìjíríà, ó sì lé ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nínú ilé wọn. Ní ọdún kan náà, ní ilẹ̀ Pakistan, ó pa ju 1,700 lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa kọ́ ni ó dá púpọ̀ jù nínú èéfín wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àwọn ni yóò pẹ́ jù lọ nínú ayé tí èéfín náà ti yí padà.

Níhìn-ín ni mo ní láti jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Lẹ́yìn omi ọdún 2011, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa, tí ó jẹ́ aránṣọ, tọ̀ mí wá. Omi ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì lọ, pẹ̀lú aṣọ àwọn oníbàárà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbàdúrà fún un, mo ní kí ó fara dà á, ìjọ sì dá owó jọ fún un kí ó lè ra ẹ̀rọ mìíràn. Ṣùgbọ́n èmi kò bi í léèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ibi kan náà ni ó padà sí, ní ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́, ní etí odò, nítorí pé owó ilé ibẹ̀ kò wọ́n. Kò pé ọdún mẹ́ta tí omi tún wọlé. Nígbà tí ó tún wá, kò sunkún, ó kàn wí pé, "Bàbá, mo ti fara dà á, bí ẹ ti wí." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí di òní. Ní ìgbà kejì yìí, kí a tó dá kọ́bọ̀ kan, a kọ́kọ́ bá a wá yàrá ní orí òkè. Ibẹ̀ ni ó wà títí di òní, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ mìíràn ní iṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí ìfaradà yín ní ojú. Àwọn nǹkan tí ó yẹ kí ẹ ṣe nìyí:

Èkíní. Kí ẹ tó san owó yàrá tàbí ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò náà léèrè ibi tí omi dé ní 1980 àti ní 2011. Bí ó bá jẹ́ pé omi dé ibẹ̀ rí, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó tí kò wọ́n tàn yín.

Èkejì. Ẹ fi agolo tí ara rẹ̀ tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ sí gbangba, kí ẹ sì máa fi rúlà wọn omi òjò inú rẹ̀ ní àràárọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Láàárín ọdún díẹ̀ ẹ ó mọ ìwọ̀n òjò tí ń mú odò àdúgbò yín kún. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa.

Ẹ̀kẹta. Ẹ kó gọ́tà kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, kí ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí omi bá ti dí. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan tí ó ní ṣọ́bìrì mẹ́wàá lè gba òpópónà kan là.

Ẹ̀kẹrin. Ẹ má ṣe la omi tí ń ṣàn kọjá. Omi tí ó jìn ní íǹṣì 6 péré lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Èyí tí ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Ó sàn kí a pẹ́ dé ilé ju kí a má dé mọ́ lọ.

Fún àwọn tí ń dáko: ẹ kọ ebè yín dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹ má ṣe kọ ọ́ láti òkè sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé omi yóò kó ọ̀rá ilẹ̀ yín lọ. Ẹ fi igi àti koríko sílẹ̀ ní etí odò. Nínú oko kòkó, òjò àrọ̀ìdá a máa mú kí àrùn tí ń sọ èso di dúdú gbilẹ̀: ẹ gé ẹ̀ka tí ó bò jù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ẹ ká èso tí ó ti bàjẹ́, kí ẹ sì kó o jáde kúrò nínú oko. Láti ọdún 1964 ni ilé ìwádìí kòkó ti wà ní Ìdí-Ayunrẹ́. Ẹ má ṣe tijú láti lọ béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Fún ìlera: bí omi bá ti wọ kànga, ẹ má ṣe mu ún láì sè é kí ó hó dáadáa. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ènìyàn, ẹ po ṣíbí tíì kékeré 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kí ojú ṣíbí náà tẹ́jú, mọ́ lítà kan omi mímọ́, kí ẹ sì máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àrùn onígbá-méjì kì í dúró de ọjọ́ kejì.

Ẹ rántí Nóà. Ìgbàgbọ́ ni ó mú un kan ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó kàn án nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Kí Olúwa fún àwọn ọmọ wa ní ọkàn láti fara dà, kí ó sì fún àwa àgbà ní ọgbọ́n láti ràn wọ́n lọ́wọ́ kí òjò tó ṣú.