Orúkọ Ẹnìkan Nínú Ìwé Méjì: Ọ̀ràn Ìforúkọsílẹ̀ Àwa Tí A Wà Ní Ìdálẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń bẹ ní Port Harcourt àti ní agbègbè rẹ̀, ọ̀ràn kan wà tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé ó kan púpọ̀ nínú àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan tí ó ti Òṣogbo wá ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2011 ó forúkọ sílẹ̀ ní àdúgbò bàbá rẹ̀, ó sì gba káàdì ìdìbò. Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ gbé e dé Trans-Amadi, ó gbéyàwó, ó bímọ, kò sì rí àyè lọ sí ilé ní àkókò ìdìbò mọ́. Nígbà tí Àjọ Elétò Ìdìbò, INEC, tún bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2021, ó tò sórí ìlà bí ẹni tí kò gba káàdì rí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ dìbò lẹ́ẹ̀mejì. Lójú tirẹ̀, ọ̀ràn náà kò yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀: ènìyàn lè wà nínú ti ilé, kí ó tún wà nínú ti ìdálẹ̀, kí ó sì máa dáwó ní ibi méjèèjì.

Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin Ìdìbò ti ọdún 2022, bí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìjìyà tí ó là sílẹ̀ ni owó ìtanràn tí kò ju 100,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún kan lọ, tàbí méjèèjì pọ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, tí ó jẹ́ alága àjọ náà nígbà náà, kéde ohun tí wọ́n rí. Ènìyàn 12,298,944 ni ó parí ìforúkọsílẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n da orúkọ wọn sínú ẹ̀rọ tí ń ṣe àyẹ̀wò, 2,780,756 ni wọ́n yọ dànù, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 23 nínú 100. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn, ayédèrú orúkọ wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ku 9,518,188, tí wọ́n fi kún 84,004,084 tí ó wà nínú ìwé ti ọdún 2019.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é? Bí a bá ní kí akọ̀wé kan mú àwọn ẹni tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó fi wọ́n wé àwọn ti àtijọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò ṣe é ní ìgbà tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tírílíọ́nù. Kò sí akọ̀wé tí yóò ṣe é tán láyé rẹ̀. Orúkọ pàápàá kò ní ràn án lọ́wọ́. Táíwò Adébáyọ̀ mélòó ni ó wà láti Diobu títí dé Rumuokoro? Ẹnìkan náà sì lè jẹ́ Kẹ́hìndé ní ilé, kí akọ̀wé ní ìhín kọ ọ́ sí Kenny. Nítorí náà ìka ọwọ́ àti ojú ni ẹ̀rọ náà ń wò. Ó ń wá ibi tí ìlà wínníwínní orí ìka dópin, àti ibi tí òmíràn ti yà sí méjì bí ẹ̀ka igi, ó sì ń sọ wọ́n di nọ́ńbà. Ó yẹ kí inú àwa tí a ní ìbejì púpọ̀ dùn sí èyí: àwọn ìbejì tí wọ́n jọra tí ìyá wọn pàápàá ń ṣì wọ́n pè, ìtẹ̀ka wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bákan náà ni kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí ó bá ń wá ìwé tí a tọ́jú pamọ́ lẹ́ẹ̀mejì sínú rẹ̀. Ó ń ṣírò gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di nọ́ńbà gígùn kan. Bí nọ́ńbà ìwé méjì bá dọ́gba, ẹ̀dà ara wọn ni, orúkọ yòówù tí a ìbáà fún wọn. Bí a bá sì fi àmì ohùn kan ṣoṣo kún ọ̀kan, nọ́ńbà rẹ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Èmi tí mo ń kọ èyí, iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe. Mo ti fi orúkọ nìkan yan ẹ̀dà tí mo pa rẹ́ rí, ó sì jẹ́ èyí tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta tún ṣe.

Ṣùgbọ́n ti ènìyàn le jù ti ìwé lọ. Ìka kan náà kì í tẹ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Òógùn wà, ọgbẹ́ wà, ìka àwọn bíríkìlà àti àwọn tí ń jó irin sì máa ń pa. Bí ìtẹ̀ka méjì ṣe súnmọ́ ara wọn tó ni ẹ̀rọ lè sọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń lẹ ìwé orúkọ náà síta kí ará ìlú lè yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ṣe é láti ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn ènìyàn sì tako orúkọ 53,264 tí ẹ̀rọ kò mú. Ìwé tí wọ́n lò fún ìdìbò ọdún 2023 wá jẹ́ ti ènìyàn 93,469,008. Ti Ìpínlẹ̀ Rivers nínú rẹ̀ jẹ́ 3,537,190.

Ohun tí ó yẹ kí ọkùnrin ará Òṣogbo wa ṣe kò le rárá. Ìpín kẹtàlá òfin ọdún 2022 náà fún un ní àǹfààní láti bèèrè pé kí wọ́n gbé orúkọ òun láti Ọ̀ṣun wá sí Rivers, bí ó bá ti ṣe é kí ó tó ku 90 ọjọ́ sí ìdìbò. Ọ́fíìsì àjọ náà ní ìhín wà ní òpópónà Aba. Bí ó bá débẹ̀, kí ó sọ fún wọn pé òun ti ní káàdì rí, kí ó sì mú káàdì ti Òṣogbo náà dání.