Ta Ni Yóò Ro Igi Tí A Gbìn Sí Igbó Ọba Ìdànrè?

Kò sí àní-àní pé kòkó ni ó sọ Ìdànrè di ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn láàrin àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa. Owó kòkó ni a fi kọ́ ilé, òun náà ni a fi rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bóyá ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròhìn yìí ni kì bá tí di olùkọ́ bí kò bá sí i. Ṣùgbọ́n kòkó yìí kan náà, pẹ̀lú ayùn àwọn agégẹdú, ni ó jẹ igbó ọba Ìdànrè wọnú. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí ọ̀gànwó àti ìrókò wà rí, oko ni ó kù, tàbí ìgbẹ́ tí kò ní igi kan gbòógì.

Nítorí náà, inú wa a máa dùn nígbàkúùgbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá kó ara wọn jọ, láìgba kọ́bọ̀, pé àwọn fẹ́ gbin igi padà. Ohun tí a fẹ́ bi wọ́n ni pé: nígbà tí ayàwòrán bá lọ tán, ta ni yóò ro ó? Ọmọ igi tí a gbìn ní oṣù kẹfà kò ní ọ̀tá tí ó tó èpò. Ó tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó lè dá dúró, a sì gbọ́dọ̀ máa ro ìdí rẹ̀ léraléra lọ́dọọdún. Ìrókò tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gbin òun nìkan sí gbangba, kòkòrò kékeré kan a máa mú kí ọ̀mùnú rẹ̀ wú, orí rẹ̀ a sì kú. Àárín àwọn igi mìíràn, lábẹ́ ìbòòji díẹ̀, ni ó ti ń rí ara gbé e.

Nígbà tí Wangari Maathai dá ẹgbẹ́ Green Belt sílẹ̀ ní Kenya ní 1977, àwọn obìnrin ìgbèríko ni ó bá ṣiṣẹ́. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n lórí igi tí ó yè ni, kì í ṣe lórí igi tí a kàn rì mọ́lẹ̀. Ní 2004 a fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel.

Àwọn aláṣẹ igbó nílẹ̀ wa náà ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Láti ilẹ̀ Burma ni wọ́n ti mú ètò taungya wá: a fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ọba, ó gbin iṣu àti àgbàdo sáàrin ọmọ igi, bí ó sì ti ń ro iṣu rẹ̀ ni ó ń ro igi ìjọba. Àléébù rẹ̀ ni pé tíìkì àti gmelina, igi àjèjì, ni wọ́n gbìn jù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa hu àfárá àti ọ̀gànwó lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, kí àgbẹ̀ lè rí èyí tí yóò gbìn sínú oko kòkó rẹ̀. Àfárá kì í ṣe ọ̀tá kòkó, ìbòòji rẹ̀ dára fún un. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, tí ẹ mọ bí a ti ń kó èrò jọ, ẹ̀ẹ̀rùn ni a fẹ́ rí yín nínú igbó náà, pẹ̀lú àdá àti ọkọ́, kí ẹ ka igi tí ó kù.