Wákàtí Àkọ́kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

Ojú lè là kí ọpọlọ má tíì jí. Fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 60 lẹ́yìn tí ènìyàn bá dìde lórí ibùsùn, oorun ṣì ń kùn ún, ìrònú rẹ̀ kò sì tíì já gaara. Àsìkò yìí kan náà ni ara ń tú èròjà tó ń jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù sínú ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń pọ̀ jù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45 lẹ́yìn jíjí, ó sì wà lára ohun tó ń ta ara jí fún iṣẹ́.

Ní Àkóbọ̀ nílùú Ìbàdàn, inú ọkọ̀ ni wákàtí tó tẹ̀ lé jíjí yìí ń bọ́ sí fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tó gbọ́dọ̀ wà ní Sẹkitéríàtì Agodi láago mẹ́jọ mọ bí ọ̀nà General Gas sí Ìdí-Apẹ́ ṣe ń dí. Inú takisí Micra tí wọ́n fún mọ́ra ni yóò ti ṣí fóònù, tí yóò ka ìjà inú gúrúùpù ẹbí dé ìdajì kó tó sọ̀kalẹ̀. Lọ́dún 2009, onímọ̀ kan, Sophie Leroy, fi hàn pé bí ènìyàn bá fi ohun kan sílẹ̀ láìparí, apá kan ọkàn rẹ̀ ṣì ń wà nídìí rẹ̀ nígbà tó bá dáwọ́ lé òmíràn. Fáìlì wà níwájú akọ̀wé, ìjà ẹbí ló ń rò.

Àpẹẹrẹ tó yéni jù nípa bí a ṣe lè lo òwúrọ̀ dáadáa wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lágbègbè Òjúrìn, ní Àkóbọ̀ kan náà. Télọ̀ tó mọṣẹ́ ti ká léèsì tó kàn sórí tábìlì láti alẹ́, pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì àti sísọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá dé láàárọ̀, yóò gbálẹ̀, yóò nu òróró ara máṣíìnì kó má baà ta sáṣọ, yóò tẹ́ léèsì, yóò sì gé e kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé. Ènìyàn lè ránṣọ kó máa tàkúrọ̀sọ. Kò sẹ́ni tó ń gé léèsì bẹ́ẹ̀, torí èyí tó bá ti gé sódì, ó ti gé náà nìyẹn. Nítorí pé ọwọ́ ti mọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó kàn, orí ráyè ro sítáì. Iṣẹ́ tó nílò ọpọlọ jù ló ń ṣáájú ariwo. Aago tí ènìyàn jí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì.

Jẹnẹrétọ̀ ló ń ba irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Èéfín rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì, afẹ́fẹ́ tí kò lóòórùn, tó ń fa orí fífọ́ àti òòyì, tó sì ń pani. Ìta gbangba ni ibi tó yẹ ẹ́, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

Rírìn wúlò pẹ̀lú. Lọ́dún 2014, Marily Oppezzo àti Daniel Schwartz ní Yunifásítì Stanford rí i pé èrò tuntun ń wá sí ẹni tó ń rìn ju ẹni tó jókòó lọ, àǹfààní náà sì ń bá a jókòó fúngbà díẹ̀. Fún ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ tún ń gba ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, èyí tó ń lé oorun.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ń dáni dúró ju búrẹ́dì àti ohun mímu aládùn lọ, torí díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀wà inú mọ́ínmọ́ín ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Kọfí náà ń ta ojú jí, ṣùgbọ́n bí wákàtí márùn-ún lẹ́yìn mímu rẹ̀, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ṣì wà lára. Ti ìrọ̀lẹ́ ń jí oorun alẹ́ gbé.

Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ ní láti ti sùn ní mẹ́sàn-án àbọ̀. Bí ọkàn kò bá pa pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun kò wá, tàbí tí ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ló kàn: ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àwọn méjèèjì sì ní ìtọ́jú.