Ṣé Ìpinnu Ni Kò Dáa, Àbí Kò Kàn Bọ́ Sí I? Bí A Ṣe Lè Wọn Iṣẹ́ Mánéjà Bésíbọ́ọ̀lù Tuntun

Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí sáà bésíbọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ ní òpin oṣù kẹta, ẹjọ́ kan náà ni àwọn èèyàn máa ń dá lọ́dọọdún. Ikọ̀ kan á gba mánéjà tuntun. Ikọ̀ náà á pàdánù eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kíá, àwọn alátìlẹ́yìn á ti máa pariwo pé ọ̀gbẹ́ni náà ò mọ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n borí ni, wọ́n á ní ọlọ́gbọ́n ni. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ fi máa ń kù díẹ̀ káàtó, àti ohun tó yẹ ká wò. Àpẹẹrẹ tí mo mú ni ti Gabe Kapler, ẹni tó di mánéjà Philadelphia Phillies fún sáà ọdún 2018.

Iṣẹ́ mánéjà ní ṣókí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré yìí dáadáa. Eré kan ní abala 9. Nínú abala kọ̀ọ̀kan, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á lu bọ́ọ̀lù títí alùbọ́ọ̀lù wọn 3 á fi jáde. Ajùbọ́ọ̀lù ikọ̀ kejì ló ń ju bọ́ọ̀lù sí wọn. Alùbọ́ọ̀lù 9 ló ń tò tẹ̀ lé ara wọn. Bó bá kan ẹni kẹsàn-án tán, a tún padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá yí béèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká ti jẹ ayò kan. Bí ẹnì kan bá lu bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ọgbà, òun àti gbogbo ẹni tó wà lórí béèsì ló jẹ ayò. Èyí ni wọ́n ń pè ní home run.

Mánéjà kì í ju bọ́ọ̀lù, kì í sì í lù ú. Ìpinnu ni iṣẹ́ rẹ̀. Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ eré? Ta ló máa jókòó? Èyí tó le jù ni ìgbà tó yẹ kó yọ ajùbọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ eré, kó fi arọ́pò sí i. Ẹni tó bá ti jáde kò lè wọlé mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ sì rántí pé eré 162 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Bí mánéjà bá lo àwọn arọ́pò rẹ̀ jù lónìí, ó lè máà rí wọn lò lọ́la.

Ọjọ́ mẹ́ta ní Atlanta

Kapler ti gbá bésíbọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá. Ó wà nínú ikọ̀ Boston Red Sox tó gba World Series ní ọdún 2004. Ṣùgbọ́n kò tíì ṣe mánéjà ní líìgì ńlá rí. Ikọ̀ tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ náà kì í ṣe ikọ̀ tó lágbára: ní ọdún 2017, Phillies borí nínú eré 66, wọ́n sì pàdánù 96.

Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2018, wọ́n gbá eré àkọ́kọ́ ní Atlanta. Phillies ń fi ayò 5 sí 0 ṣíwájú Atlanta Braves. Aaron Nola, ajùbọ́ọ̀lù wọn tó dára jù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ju bọ́ọ̀lù 68 péré. Wọ́n wà ní abala kẹfà, alùbọ́ọ̀lù kan ti jáde, ẹnì kan sì wà lórí béèsì. Ni Kapler bá wọ pápá, ó yọ Nola, ó fi Hoby Milner rọ́pò rẹ̀. Freddie Freeman lu home run sí Milner, ayò di 5 sí 2. Kí abala kẹsàn-án tó dé, Braves ti bá wọn dọ́gba. Nínú abala kẹsàn-án, Nick Markakis lu home run tó mú ayò 3 wá, eré sì parí sí 8 sí 5. Braves ló borí.

Lọ́jọ́ kejì, Phillies borí, 5 sí 4, ṣùgbọ́n eré náà gùn dé abala 11. Àwọn arọ́pò tún ṣiṣẹ́ gan-an. Lọ́jọ́ kẹta, Vince Velasquez ló bẹ̀rẹ̀, nǹkan ò sì lọ dáadáa fún un. Ní abala kẹta, Kapler jáde wá yọ ọ́, ó ní kí Milner wọlé. Àṣé Milner ò tíì mú ara gbóná rárá! Kò tíì ju bọ́ọ̀lù kankan láti múra sílẹ̀. Àwọn rẹfirí fún un láàyè kó jùgbọ́ọ̀lù díẹ̀ sí i. Inú bí mánéjà Braves, Brian Snitker, ó bá wọn jà sí i, wọ́n sì lé e kúrò nínú eré. Braves borí, 15 sí 2. Kapler sọ pé àìgbọ́ra-ẹni-yé ló fa ọ̀rọ̀ Milner.

Ìpinnu yàtọ̀ sí àbájáde

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní Kapler yọ Nola, wọ́n pàdánù. Ó pe Milner láìmúra, wọ́n pàdánù. Nítorí náà kò mọ̀ ọ́n ṣe. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo ti Nola. Kí ni Kapler mọ̀ nígbà tó dìde? Ó mọ̀ pé àwọn alùbọ́ọ̀lù Braves ti rí Nola lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti di ẹ̀ẹ̀kẹta. Àwọn tó ń ṣírò eré yìí ti fi hàn tipẹ́ pé bí alùbọ́ọ̀lù bá ń rí ajùbọ́ọ̀lù kan náà léraléra lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lù ú dáadáa sí i. Ó tún mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni Freeman fi ń lu bọ́ọ̀lù, ọwọ́ òsì náà sì ni Milner fi ń jù ú. Ó sábà máa ń ṣòro fún alùbọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì láti lu ajùbọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì. Nítorí náà, ìpinnu yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. A ṣì lè jiyàn lé e lórí: ṣé arọ́pò yẹn dára ju Nola tí kò tíì rẹ̀? Ṣé ó pọn dandan nígbà tí wọ́n ti fi ayò 5 ṣíwájú? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àmọ́ home run Freeman kọ́ ni ìdáhùn sí i. Nínú Yorùbá, a máa ń sọ pé “ó ṣe é dáadáa, kò kàn bọ́ sí i ni.”

Ti Milner yàtọ̀. Kò sí òǹkà kankan tó lè gbè é lẹ́yìn. Gbogbo mánéjà ló mọ̀ pé ajùbọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ eré lè bàjẹ́ nígbàkigbà, àti pé ẹni tí kò mú ara gbóná lè ṣe ara rẹ̀ léṣe. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ká tiẹ̀ ní Milner wọlé, tó sì lé gbogbo wọn jáde, àṣìṣe ṣì ni. Nínú irú èyí, bó bá bọ́ sí i pàápàá, a ò gbọdọ̀ yìn ín.

Ṣé ẹ rí i? Ìpinnu àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ èrò, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ètò. Wọ́n sì lè tan mọ́ra. Mánéjà tó ń tètè yọ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn arọ́pò ló máa san gbèsè rẹ̀. Èyí ni ẹ̀sùn tó lágbára jù tí èèyàn lè fi kan Kapler ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìdájọ́ tó ń yí padà

Eré 3 nínú 162 kò tó 2 nínú 100. Síbẹ̀, lẹ́yìn eré 5 tí wọ́n ti borí nínú ẹyọ kan ṣoṣo, Phillies padà sílé ní ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, àwọn alátìlẹ́yìn wọn sì hó lé Kapler lórí nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Wọ́n borí lọ́jọ́ náà, 5 sí 0. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, Phillies ló ń ṣíwájú ẹ̀ka wọn. Kapler ti di ọlọ́gbọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣubú, wọ́n parí sáà pẹ̀lú 80 sí 82. Nola, tí wọ́n yọ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù 68, borí nínú eré 17 lọ́dún náà. Ní ọdún 2019, wọ́n parí pẹ̀lú 81 sí 81, wọ́n sì lé Kapler.

San Francisco Giants gbà á. Ní ọdún 2021, wọ́n borí nínú eré 107, iye tí ikọ̀ náà ò tíì ní rí, Kapler sì gba àmì-ẹ̀yẹ mánéjà ọdún ní National League. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n lé òun náà. Ẹ má jẹ́ ká wá sọ pé ọdún 2021 fi hàn pé ó jàre ní 2018. Àṣìṣe kan náà ni: àbájáde la tún fi ń dá ẹjọ́.

Mánéjà tó ti mọṣẹ́ pàápàá kò bọ́ nínú èyí. Ní World Series ọdún 2020, Kevin Cash ti Tampa Bay Rays, tó gba àmì-ẹ̀yẹ mánéjà ọdún ní American League lọ́dún náà, yọ Blake Snell ní abala kẹfà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù 73, nígbà tí wọ́n ń fi ayò 1 sí 0 ṣíwájú Los Angeles Dodgers. Dodgers borí, 3 sí 1, wọ́n sì gba ife. Ìdí kan náà ni Cash ní: kò fẹ́ kí wọ́n rí Snell lẹ́ẹ̀kẹta.

Ohun tó yẹ ká béèrè

Bí ẹ bá ń wo mánéjà tuntun ní oṣù kẹrin, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin. Èkíní, kí ló mọ̀ nígbà tó ṣe ìpinnu náà? Èkejì, àwọn ọ̀nà mìíràn wo ló ṣí sílẹ̀ fún un? Ẹ̀kẹta, ta ló máa san gbèsè ìpinnu yẹn lọ́la àti lọ́túnla? Ẹ̀kẹrin, ṣé àṣìṣe ètò kan náà tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù sí mi. Èèyàn lè gbọ̀jẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń tún un ṣe, ìyẹn gan-an ló ń sọ irú mánéjà tó jẹ́.

Iṣẹ́ èèyàn ló wà nínú ìdájọ́ wa, kì í ṣe eré lásán. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é. Pátákó ayò máa ń sọ ẹni tó borí fún wa. Bóyá ìpinnu náà dára tàbí kò dára, àwa fúnra wa la gbọ́dọ̀ jókòó rò ó.